Aago Tó Ń Dún Láìsí Oníbàárà

Inú oṣù Ògọ́ọ̀sì ni ẹ̀rọ tó ń tẹ rìsíìtì ní ṣọ́ọ̀bù wa kú, níbi tí mo ti ń ta pátá fún obìnrin kan tó ń purọ́ nípa bí ìdí ọkọ rẹ̀ ṣe tóbi tó. Ẹ̀rọ náà kùn hùùù, ó yọ bébà jáde díẹ̀, ó dákẹ́. Mo gbá a létí. Mo tún gbá a.

Obìnrin náà ní, “Incoronata, fi í sílẹ̀. Ó ti lọ.”

Rìsíìtì kọ́ ni ìṣòro mi. Mo lè fọwọ́ kọ ọ́ sínú ìwé, òfin gbà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé ní ìlú tiwa, ìgbà díẹ̀ lè gùn ju ọdún lọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹ̀rọ yẹn ló ń ṣí dúrọ́ọ̀ owó. Tó bá ti tẹ rìsíìtì tán, á fi iná ránṣẹ́ gba inú wáyà, dúrọ́ọ̀ á fò síta, aago kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀ á sì dún: gbin! Kò sí ẹ̀rọ, kò sí iná nìyẹn, dúrọ́ọ̀ ò sì ní mira. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ńkọ́? Màmá Saveria, ìyá ọkọ mi, ti sọ ọ́ nù láti ìgbà tí a ṣì ń ná líírà, kí yúrò tó dé.

Màmá ti pé ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún. Látìgbà tí egungun ìbàdí rẹ̀ ti kán ló ti wà lórí ibùsùn, yàrá rẹ̀ sì wà lókè káńtà mi gan-an. Ẹsẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́, àmọ́ etí yẹn, ẹ gbà mí o! Bí eku bá sín nísàlẹ̀, Màmá á ní kó pẹ̀lẹ́. Nígbà Àjíǹde ló pè mí, ó ní:

“Incoronata, mi ò fẹ́ ṣọ́ọ̀bù tó ti kú lábẹ́ ibùsùn mi. Ọjọ́ tí aago dúrọ́ọ̀ bá dákẹ́ láti àárọ̀ dọ̀sán, mo máa ránṣẹ́ pe Lovallo.”

Lovallo ni ọkùnrin ìlú ńlá, ará Potenza, tó ń ra àwọn ilé ìlú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń sọ wọ́n di yàrá fún àwọn àlejò tó ń wá ya fọ́tò ògiri tí àwọn ọkùnrin wa ń tọ̀ sí. Orúkọ Màmá ló wà lórí ilé. Bó bá buwọ́ lùwé pẹ́nrẹ́n, ṣọ́ọ̀bù lọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi. Ọkọ mi, Gerardo, wà ní Jámánì, ó ti pé ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Ó ń wálé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, á jẹ tòmátò, á ròyìn mọ́tò rẹ̀, á padà. Lókè ilé, ta ni mí? Ẹni tó ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn. Àmọ́ lẹ́yìn káńtà, èmi ni mo mọ nọ́ńbà kọ́mú gbogbo obìnrin ìlú yìí, tí mi ò sì sọ ọ́ fẹ́nì kan rí. Àwọn tó ń bú mi gan-an ń bẹ̀rù mi. Mi ò ní jẹ́ kí Lovallo gba ìyẹn lọ́wọ́ mi.

Mo ké sí Vituccio, àbúrò ọkọ mi, tó gbọ́ iṣẹ́ iná díẹ̀, tó sì gbọ́ iṣẹ́ ẹnu púpọ̀.

“Ìyàwó wa, ẹ̀rọ tuntun, ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin yúrò ni o.”

“Ṣé ó máa ń se ọbẹ̀ ni?”

“Ẹ fọkàn balẹ̀. Dúrọ́ọ̀ ò mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ló ń bá òun sọ̀rọ̀ tàbí màlúù. Iná díẹ̀ péré ló ń fẹ́. Aago ẹnu ọ̀nà ilé yín ti yadi láti ọdún mẹ́fà, àbí? Iná rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀ lásán.”

Ó fa wáyà láti ibi aago ẹnu ọ̀nà wọ ṣọ́ọ̀bù, ó dè é mọ́ dúrọ́ọ̀, ó wá fi ohun kékeré kan tí n ó máa tẹ̀ sábẹ́ káńtà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún mi. Mo tẹ̀ ẹ́. Gbin! Dúrọ́ọ̀ fò, ó gbá mi níkùn.

“Vituccio, ṣé o fẹ́ pa mí ni?”

“Ẹ fa ikùn sẹ́yìn díẹ̀, ìyàwó wa.”

“Ikùn tí mo fi bí ọmọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ ni, kò níbi tó ń lọ.”

Ibẹ̀ ni ìdánwò ti dé bá mi. Nígbà tí ẹ̀rọ wà láàyè, bí ọjà ò bá tà, dúrọ́ọ̀ ò ní ṣí. Ní báyìí, orúnkún mi ló kù. Ní oṣù Ọ̀kítóbà, òjò rọ̀ láti àárọ̀, aago mọ́kànlá lù, ajá ò yọjú. Mo gbọ́ tí ibùsùn Màmá ń dún lókè. Mo tẹ̀ ẹ́. Gbin! Mo tún mi owó wẹ́wẹ́ kó lè dùn létí.

“Ta nìyẹn?” Màmá kígbe.

“Ìyàwó onígbàjámọ̀ ni, Màmá! Òwú dúdú!”

Ẹni tó bá ti dá irọ́ kan sílẹ̀ á máa bọ́ ọ. Kó tó di ìparí Nòfẹ́ńbà, mo ti ta òwú dúdú fún gbogbo ìlú, títí kan ẹni tó ti kú. Màmá ní, “Ṣebí a sin ín lóṣù tó kọjá?” Mo ní, “Àbúrò rẹ̀ ni, Màmá.” Ojú ń tì mí, àmọ́ orúnkún mi ò mọ ìtìjú.

Ọjọ́ kẹta oṣù Dìsẹ́ńbà ni ọjọ́ orúkọ Màmá, ọjọ́ ẹni mímọ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, ó sì bọ́ sọ́jọ́ Àìkú. Ṣọ́ọ̀bù wà ní títì. Àwọn aládùúgbò ti wá kí i láàárọ̀. Ní ìlú wa, kò sẹ́ni tó ń tẹ aago ẹnu ọ̀nà. Ìta la ti ń pariwo orúkọ títí ẹnì kan á fi yọrí lójú fèrèsé. Nígbà tó yá, ó ku èmi, Màmá, àti Vituccio tó ń jẹ àkàrà òyìnbó bí ẹni pé òun ló ń ṣọjọ́ orúkọ.

Lójijì, nísàlẹ̀: gbin!

Màmá gbórí sókè. “Lọ́jọ́ Àìkú?”

Gbin! Gbin! Ó dákẹ́. Gbin!

Vituccio yọjú lójú fèrèsé. Mo rí i tí àkàrà há a lọ́fun. “Lovallo ni,” ó ní. “Ó gbé òdòdó dání. Ó... ó ń tẹ aago ẹnu ọ̀nà.”

Ará ìlú ńlá! Ọmọlúwàbí ò jẹ́ kó pariwo! Mo wo Vituccio, Vituccio kọjú sí ògiri.

Màmá ní, “Ṣí ilẹ̀kùn fún un kó tó ta ọjà mi tán.” Vituccio sáré sọ̀kalẹ̀. Màmá yíjú sí mi. “Aago yẹn lè dún láìsí oníbàárà.”

“Màmá, wáyà ló...”

“Ìyàwó onígbàjámọ̀ ra òwú dúdú lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ṣé ó ń ránṣọ fún òru ni?” “Lánàá ńkọ́? Òótọ́ ni kó o sọ.”

“Ẹnì kan ṣoṣo. Sípù.”

“Ìjẹta?”

“Kò sẹ́ni tó wá.”

Lovallo ti wọlé, ó sì ti gbọ́. Ojú rẹ̀ ń dán. Ó kí Màmá kú ọjọ́ orúkọ, ó gbé òdòdó kalẹ̀, ọwọ́ kejì ti ń fa ìwé títa ilé yọ nínú kóòtù.

Mo kúnlẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn. Mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀. “Màmá, mo purọ́. Ẹ bú mi bó ṣe wù yín. Àmọ́ ẹ má tà á, ẹ jọ̀ọ́. Bí wọ́n bá gba káńtà yẹn lọ́wọ́ mi, kí ló kù tí mo ní?”

Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. “Ta ló kọ́ ẹ?”

“Kò sẹ́ni tó kọ́ mi.”

“Kò sẹ́ni tó kọ́ èmi náà.” Ó nu ojú rẹ̀. “Ọdún tí Gerardo lọ, ṣọ́ọ̀bù yẹn ti kú pátápátá. Kí lo rò pé ó lé e lọ? Ìwọ wà lókè níbí, ọmọ wà lọ́mú, àpótí aṣọ rẹ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo mọ̀ pé bó o bá gbọ́ pé ọjà ò tà, o máa gbé ọmọ tẹ̀lé e, èmi nìkan á wá kù. Mo bá ń tẹ ẹ̀rọ. Mò ń ta ìbọ̀sẹ̀ fún ara mi kí aago lè dún sí ẹ létí, mò ń jó rìsíìtì rẹ̀ nínú ààrò. Ìyẹn ò tó, mo tún san owó orí lórí ọjà tí ẹnikẹ́ni ò rà! Tìrẹ yìí ọ̀fẹ́ ni, ìwọ ọ̀lẹ.”

Vituccio bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Gerardo bẹ̀ mí lórí fóònù ọdún yẹn pé kí n máa bọ̀, ó ti rí yàrá méjì, ilé ìwé wà nítòsí. Mo sọ fún un pé, “Kí ni mo fẹ́ wá ṣe? Ọjà ń tà níbí, mò ń fetí ara mi gbọ́ ọ.” Mo pè é ní ọ̀lẹ tó sá kúrò nídìí ọrọ̀. Kò bẹ̀ mí mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Inú bí mi gan-an.

Lovallo wúkọ́. “Màmá, nípa ìwé yìí...”

“Gbé e fún Incoronata. Ilé di tirẹ̀ láti òní, Vituccio, ìwọ ni ẹlẹ́rìí. Mo jẹ ẹ́ ní gbèsè rẹ̀. Incoronata, lé ọkùnrin yìí jáde.”

“Rárá” ni mo fẹ́ sọ fún Lovallo. Láti ìgbà Àjíǹde ló ti wà lẹ́nu mi.

Àmọ́ mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, “Ẹ padà wá lọ́la. Mo fẹ́ kà á.”

Màmá dá ẹ̀rín dúró. Ó na ọwọ́ egungun yẹn, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú ṣinṣin. “O fẹ́ kà á? Kí ló wà níbẹ̀ tó o fẹ́ kà? Ọjà á tà, Incoronata. Ọdún tuntun ń bọ̀, wọ́n á wá ra pátá pupa tí wọ́n fi ń wá oríire ọdún, wọ́n á tò dé ìta, o mọ̀ bẹ́ẹ̀...”

Mo rọra tú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo wá gíláàsì ojú mi, mo jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn rẹ̀.

“Màmá, ẹ jẹ́ kí n kà á ná.”