Ojú-Ẹ̀yìn Fàlílù Atìlẹ̀kùn

"Ó ti wọlé!"

Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lẹ́nu Àìṣát kó tó mọ̀ pé òun lòún sọ ọ́. Fàlílù ọkọ rẹ̀ gbá ọwọ́ ọkọ̀ yí, ìdí Golf wọn fẹ́ sọ́tùn-ún, ó kọ lu ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn wọn. Ìró irin han etí bí ìgbà tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ ha ìdí ìkòkò. Ọkọ̀ ẹ̀yìn yẹn fò kọjá gọ́tà, ó takìtì nínú oko ẹ̀gẹ́, ó sì dojú délẹ̀. Hafeez ló ń wa ọkọ̀ náà, àbúrò Àìṣát, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo.

Fàlílù ò wẹ̀yìn. Ìgbà wo ló ti ń wẹ̀yìn rí?

Ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n máa ń sá eré yìí, lójú ọ̀nà amọ̀ pupa tó wà lẹ́yìn àwọn ilé-iṣẹ́ tuntun n'Ìgbẹsà, nítorí àwọn tírélà kì í rìn lọ́jọ́ náà. Dígí ìwẹ̀yìn kì í pẹ́ já lójú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, eruku a sì bo èyí tí kò bá já. Ìdí nìyẹn tí awakọ̀ kọ̀ọ̀kan fi ń gbé ẹnì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, tí yóò kọjú sẹ́yìn, tí yóò máa sọ ohun tó bá rí. Ojú-ẹ̀yìn ni wọ́n ń pe ẹni náà. Igẹ̀ àgbò ni wọ́n ń fún ẹni tó bá borí. Lójú àlejò, ẹran lásán ni, ṣùgbọ́n ó lè mú kí ọkùnrin Ìgbẹsà má sùn.

Típà ni Fàlílù fi bẹ̀rẹ̀, ó ń kó yanrìn láti Alápòtì lọ sí Ṣàngó. Ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ kọ́nà láìtẹ búréèkì: á gbé ẹsẹ̀ kúrò, á jẹ́ kí ìdí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ yọ̀ yípo. Nígbà tó kọ́kọ́ gba igẹ̀, ìwakọ̀ rẹ̀ dùn-ún wò. Àìṣát tìtorí ẹ̀ fẹ́ ẹ, kò parọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lé e bá, ó dá ọgbọ́n mìíràn. Á fi àyè sílẹ̀ nínú kọ́nà, bí ẹni ṣílẹ̀kùn fún àlejò. Ẹni tó bá gbé imú wọ̀ ọ́, ojú-ẹ̀yìn á pariwo, Fàlílù á sì fi ìdí ọkọ̀ tìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Ọdún méje ló ti fi ń jẹ ọ̀gá. Ìwà àrékérekè pọ́ńbélé, àwọn èèyàn ń pè é ní ẹ̀bùn Ọlọ́run.

"Atìlẹ̀kùn! Baba, you too much!"

Wọ́n ti dé òpin eré, àwọn èrò ń yìn ín. Ṣótúndé tó ń ṣètò rẹ̀ gbé igẹ̀ àgbò lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sínú eruku. Bọ́nẹ́ẹ̀tì gbóná, ọ̀rá ẹran bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, ó ń rùn, eṣinṣin sì ti bò ó.

"Ohùn ẹ dá ṣáká lónìí," Fàlílù sọ fún Àìṣát. Ó ń rẹ́rìn-ín, eruku pupa wà létí eyín rẹ̀. "Ká ní o pẹ́ díẹ̀ ni, ó ti kọjá wa."

"Bàbá Waliyullah, Hafeez mà ni," Àìṣát sọ fún ọkọ rẹ̀.

"Mo mọ̀. Ṣé kò mọ̀ pé eré ni? Jókòó, ká yí po kí wọ́n rí wa."

Eyín yẹn rí Àìṣát lára, ọ̀rá yẹn náà rí i lára. Ṣùgbọ́n ìríra náà ò dúró síbẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ Adérógbà ni wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́ tó bọ́ sí gọ́tà. Òun Àìṣát ló dín igẹ̀ ọjọ́ náà, ó sì lá ìka. Ó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó bì sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà.

Abẹ́ igi kajú ni wọ́n tẹ́ Hafeez sí, wọ́n ti fi pákó di ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kán, ojú-ẹ̀yìn tirẹ̀ ò fara pa, wọ́n ń ṣètò bọ́ọ̀sì tí yóò gbé e lọ sí ọsibítù. Hafeez rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń bọ̀, ó gbìyànjú àtirẹ́rìn-ín.

"Àǹtí mi, ẹ má sunkún. Mo mọ nǹkan tí Bùọ̀dá máa ń ṣe ní kọ́nà yẹn. Ǹ bá má ti wọ ibẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n mo rí i tẹ́ ẹ ń wò mí lójú. Mo ní, ṣebí ẹ̀yin ni, kò séwu."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Gbogbo ọdún wọ̀nyí ni Àìṣát sì ti ń rò pé ọwọ́ Fàlílù ló ń fọ́ nǹkan.

Wọ́n ń pèrun Alásàrí lọ́ọ̀ọ́kán. Ó mú búútà tó wà lẹ́bàá igi, ó yọ ẹnu lẹ́ẹ̀mẹta bí àlùwàlá ṣe wí. Omi eruku pupa ló ń tu jáde. Ó yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹrin, ó tún bu omi sẹ́nu. Fàlílù ń tẹ hóònù lẹ́yìn rẹ̀, àwọn èèyàn ń pariwo. Kò wẹ̀yìn.

Nígbà tí wọ́n gbé Hafeez sínú bọ́ọ̀sì, ó wọlé tì í, ó gbé orí ọmọ náà lé itan. Ẹnu rẹ̀ ṣì ń korò.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó sọ fún awakọ̀, "ẹ rọra ní kọ́nà."