Òkè Kẹta

Iná kan ṣoṣo ló kù lára bátìrì nígbà tí Àdàbà bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè kẹta. Kò tíì kọjá ilé àkọ́kọ́ tí iná náà fi ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, tó sì kú. Ẹ̀rọ tó wà nínú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, èyí tó ti ń kùn bí oyin láti àárọ̀, dákẹ́ lójijì. Kẹ̀kẹ́ náà sì wúwo lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọmọ tó sùn lọ sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ó tẹ bíréèkì, ó fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀, ó ń wo títì tó dìde níwájú rẹ̀ bí ògiri.

Nínú àpò tó so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, eyín méjìdínlọ́gbọ̀n wà nínú páálí kékeré kan. Ìyá àgbà kan ló ni wọ́n. Láti aago mẹ́wàá ni ìyá náà ti jókòó sí ilé ìtọ́jú eyín tó wà lórí òkè yìí, tó ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Aago méjìlá ni dókítà ibẹ̀ máa ń ti ilẹ̀kùn. Aago mọ́kànlá sì ti kọjá ogún ìṣẹ́jú.

Ọdún kẹta rèé tí àìsàn kan ti ń bá Àdàbà fínra. Á kàn ṣàdédé dé ni. Àyà á máa lù kì-kì-kì, èémí á há, ọwọ́ á tutù, ohun kan á sì máa sọ fún un pé ikú ló dé yìí. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní ọkàn rẹ̀ le bíi ti ẹṣin, pé ìpayà lásán ni. Lásán! Ẹni tí kò kú rí ló ń pe ikú ní lásán. Láti ìgbà náà ni kò ti lè jókòó sínú ọkọ̀ tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló sọ ọmọbìnrin náà ní Àdàbà, nítorí pé bí ewé bá já báyìí, ó ti fò. Orúkọ náà sì tẹ̀ lé e dé ibi iṣẹ́.

Ibi iṣẹ́ ọ̀hún ni ilé tí Bàbá Eléyín ti ń ṣe eyín fún àwọn tí tiwọn ti ká. Odindi ọdún méjì ni Àdàbà fi jókòó sí yàrá ẹ̀yìn níbẹ̀, tó ń po ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe àwòṣe ẹnu àwọn ènìyàn. Ẹnu ẹgbẹ̀rún ènìyàn ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, kò sì mọ ojú ẹnì kan nínú wọn. Nígbà tí Bàbá Eléyín wá ra kẹ̀kẹ́ oníbátìrì, tó ní òun ń wá ẹni tí yóò máa gbé eyín lọ sí àwọn ilé ìtọ́jú orí òkè, ohùn kan jáde láti yàrá ẹ̀yìn.

"Ẹ fún mi, sà."

Ẹnu ya gbogbo wọn. Ẹnu ya òun náà. Ṣùgbọ́n ó ti rò ó dáadáa: kẹ̀kẹ́ kò ní ilẹ̀kùn. Atẹ́gùn ni ògiri rẹ̀, ojú ọ̀run sì ni òrùlé.

Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi dán an wò, òní ló sì kẹ́yìn rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ó ti yí padà lẹ́ẹ̀mejì láìdé òkè kẹta, nítorí àyà tó bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Bàbá Eléyín kò bínú. Ohun tó dun Àdàbà jù nìyẹn. Ohùn jẹ́jẹ́ ni bàbá náà fi sọ fún un láàárọ̀ pé, "Bó o bá tún yí padà lónìí, ọmọ mi, n óò gba ọ̀nà yìí lọ́wọ́ rẹ. Kì í ṣe ìyà ni mo fi ń jẹ ọ́ o. Yàrá rẹ ṣì wà níbẹ̀."

Yàrá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ó gbọ́ ọ bí ẹni tí wọ́n ń ka ẹ̀wọ̀n fún.

Àṣírí kan sì wà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bọ́tìnì kan wà lára ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà, láti oókan dé aárùn-ún. Bó bá wà lórí oókan, ẹsẹ̀ ẹni ló ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ kàn ń tì í díẹ̀ ni. Bó bá wà lórí aárùn-ún, ẹ̀rọ ń gbé ni lọ bí ọba. Aárùn-ún ni Àdàbà máa ń fi í sí, lórí òkè àti ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, kí àyà òun má baà lù rárá. Nítorí pé ìlù tí àyà ń lù bí ènìyàn bá gun òkè, ìlù kan náà ló ń lù bí ìpayà bá dé. Kò mọ èwo ni èwo. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ìyẹn nìkan kò tó pa bátìrì náà. Àṣìṣe àárọ̀ ló pa á. Bó ti fi bátìrì sẹ́nu iná, ẹ̀rù ń bà á pé kò ní kún, ló bá ń yọ ọ́ wò. Ó yọ ọ́, ó ka iná ara rẹ̀, ó dá a padà. Ó tún yọ ọ́. Obìnrin tó máa ń fá eyín kí ó dán, tí gbogbo wọn ń pè ní Àǹtí, wò ó títí, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Àdàbà! Ṣé ìkòkò ọbẹ̀ ni, tó o fi ń ṣí i wò?"

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń wọlé ni, Mà."

"Á wọlé bó o bá fi í sílẹ̀."

Kò fi í sílẹ̀. Nígbà tó dá a padà kẹ́yìn, kò tì í wọlé dáadáa. Iná mẹ́ta péré ló wà lára rẹ̀ nígbà tí àkókò tó láti lọ.

Ó fa fóònù yọ nísàlẹ̀ òkè kẹta, ó pe Bàbá Eléyín.

"Bátìrì ti kú, sà."

"Ṣé o ti dé òkè?"

"Rárá, sà. Ìsàlẹ̀ ni mo wà."

Bàbá náà mí kanlẹ̀. "Máa bọ̀ nílé. Ìyá yẹn á dúró di ọjọ́ Ajé, awakọ̀ kan á gbé eyín náà lọ."

Àdàbà wo ẹ̀yìn. Ọ̀nà ìsàlẹ̀ náà tẹ́ rẹrẹ. Kò ní tilẹ̀ wa pẹ́dàlì lẹ́ẹ̀kan, kẹ̀kẹ́ á gbé e dé yàrá ẹ̀yìn.

"Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú, sà."

"Àyà rẹ ńkọ́?"

"Ó wà ńbẹ̀, sà."

Ó yí jíà sí èyí tó fúyẹ́ jù, ó gorí kẹ̀kẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wà á. Kò tó ogún ẹsẹ̀ bàtà tí àyà náà fi dé. Kì-kì-kì. Èémí há. Ohùn àtijọ́ náà sì ti bẹ̀rẹ̀: òun rèé, òun rèé, ó ti dé. Ó dúró lẹ́bàá òpó iná kan, ó di òpó náà mú bí ẹni tó di ìyá rẹ̀ mú. Ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ ti ń yí sí ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó fà á padà. Ó wo òpó iná tó tẹ̀ lé e. Ó kàn dàbí fífo gọ́tà kan sí òmíràn. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ó lọ.

Títì náà ga jù láti gùn ún tààrà, nítorí náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ bí ejò, láti etí kan dé etí kejì. Òógùn ń wọ ojú rẹ̀. Itan rẹ̀ ń jó bí ata. Àwọn bíríkìlà méjì wà lórí ilé kan tó ń lọ lọ́wọ́ lẹ́bàá ọ̀nà, ọ̀kan nínú wọn sì fi ọwọ́ gbá pákó tó dúró lé.

"Àǹtí oníkẹ̀kẹ́! Kí lẹ sọ nù tí ẹ ń wá kiri títì?"

"Ẹ mú ọ̀nà kan o!" ni ìkejì rẹ̀ ké.

Kó tó mọ̀, ẹnu rẹ̀ ti dá wọn lóhùn. "Méjèèjì ni ti bàbá mi!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi jẹ́ kí ṣọ́bìrì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àdàbà náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó já wẹ́wẹ́ nítorí èémí. Ìgbà yẹn ló ṣàkíyèsí. Àyà rẹ̀ ń lù ju bó ti lù rí lọ. Ó ń gbọ́ ọ nínú etí, nínú ọ̀fun, nínú ìka ọwọ́. Síbẹ̀ ó ń sọ̀rọ̀. Ó ń dápàárá! Ta ló ń kú lọ tó ń bá bíríkìlà ṣeré?

Ó tún tẹ pẹ́dàlì. Ó ní sí àyà náà nínú ara rẹ̀ pé, máa lù. Iṣẹ́ rẹ nìyẹn. Èmi náà ń ṣe tèmi.

Kò ka òpó mọ́. Bó ti ń gòkè ni àwọn òrùlé ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, títí wọ́n fi dàbí ìwé tí ẹnì kan ṣí sílẹ̀ tó sì lọ. Lórí títẹ̀ tó kẹ́yìn, ó dìde dúró lórí pẹ́dàlì, ó fi gbogbo ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ojú ọ̀nà sì tẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tó juwọ́ sílẹ̀ fún un. Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án.

Ìyá àgbà náà ló kọ́kọ́ rí Àdàbà tòun ti akoto lórí lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìwọ lo gbé ẹnu mi wá?"

"Èmi ni, Mà. Ẹ má bínú pé ó pẹ́."

"Ó ti tó oṣù méjì tí mo ti rẹ́rìn-ín níta kẹ́yìn. Kí ni wákàtí méjì?"

Dókítà gba páálí náà, ó mú ìyá wọlé. Nígbà tí wọ́n jáde, ìyá àgbà lọ tààrà síbi dígí tó wà lára ògiri. Ó dúró níwájú rẹ̀, ó fẹ eyín, ó pa á dé, ó tún fẹ ẹ́, bí ọmọge tó wọ aṣọ tuntun. Ẹnu tí Àdàbà ti po ẹfun rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló ń rẹ́rìn-ín sí i báyìí láti inú dígí, tòun ti ojú, tòun ti ìlà ojú.

Ìyá náà yíjú. "Jókòó, ọmọ mi. Mò ń rí i lórí ẹ̀wù rẹ bí àyà rẹ ṣe ń lù. Ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́ ni?"

"Rárá, Mà," ni Àdàbà dáhùn. "Òkè ni mo gùn."

Ó sọ ọ́ tán kó tó mọ̀ pé òótọ́ ni.

Fóònù dún. Bàbá Eléyín ni. Ó ti gbọ́ lẹ́nu dókítà, ohùn rẹ̀ sì ga débi pé ìyá àgbà náà ń gbọ́ ọ. "O gùn ún láìsí bátìrì? Òkè yẹn? Mo máa dá bátìrì yẹn padà fún ẹni tó tà á!"

"Bátìrì kò bàjẹ́, sà. Èmi ni mi ò jẹ́ kó kún. Mò ń yọ ọ́ wò ṣáá."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín kékeré. "Ó dáa. Páálí eyín mẹ́rin ló ń lọ sókè lọ́jọ́ Ajé. Má pẹ́ dé o."

Ó jáde, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn níta, ó fi ọwọ́ lé àyà. Ó ṣì ń lù. Ó mọ ohun tí òun máa ń ṣe bó bá ń lù báyìí: á ka iye rẹ̀, á wá omi, á wá ẹnu ọ̀nà, á sá. Lónìí kò ṣe nǹkankan. Ó kàn jókòó tì í bí ènìyàn ṣe ń jókòó ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ dé. Ìlù náà rọ díẹ̀. Ó tún rọ. Ó lọ sílẹ̀, sílẹ̀, títí kò fi mọ ìgbà tí òun kò gbọ́ ọ mọ́. Fún odindi ọdún mẹ́ta, kò dúró tì í rí kó lè rí bó ṣe máa ń parí.