Òrùlé Abẹ́ Orúnkún

Láti ìgbà tí mi ò tíì ní irùngbọ̀n ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà. Kò sí ohun tí mi ò kàn rí, àga o, ibùsùn o, ilẹ̀kùn o. Pósí nìkan ni mo ní mi ò ní kàn láé. Ẹni tó bá wá bẹ̀ mí fún un, màá ní kó máa bá ọ̀nà ẹ̀ lọ. Àfi ìgbà tí ìyàwó mi kú.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má pa ara mi, ká lọ ra èyí tí wọ́n ti kàn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ìyàwó mi ò ṣe é nà. Àìsàn ló ká a lórúnkún, ó ju ọdún kan lọ tí orúnkún méjèèjì fi dúró sókè lórí ibùsùn. Ọkùnrin tó ń tọ́jú òkú ní kí n fọkàn balẹ̀, àwọn á fipá nà án, á sì gún gbọọrọ. Mo wo ojú ẹ̀. Bí kì í bá ṣe pé ẹ̀gbọ́n mi dì mí mú, ọ̀rọ̀ ìbá di ti ọlọ́pàá lọ́jọ́ náà. Nǹkan kan ṣoṣo ni obìnrin yẹn bẹ̀ mí kó tó kú. Ó ní, "Káfíńtà mi, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fipá na ẹsẹ̀ mi o. Ó ti dùn mí tó." Mo búra fún un.

Pósí tó máa gba orúnkún tó ká sókè, kò sí lọ́jà. Èmi náà ni mo máa kàn án. Mo mú téèpù, mo lọ sí mọ́ṣúárì láti lọ wọn ìyàwó mi. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mi ò lè wọlé. Èmi tí mo máa ń fi ojú lásán wọn pákó! Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù mi nísàlẹ̀ àdúgbò, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú.

Ibẹ̀ ni ọmọ wa obìnrin ti bá mi. Tíṣà là ń pè é láti kékeré, nítorí kò sí ẹni tí kì í kọ́ lẹ́kọ̀ọ́, títí kan ewúrẹ́ aládùúgbò. Ó ń múra ìdánwò àṣejáde, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ìyá rẹ̀ ló sì ti ń kàwé ní gbogbo ọ̀sán. Ó ní bí èèyàn bá ń sunkún, a máa ríran, kí n gbọ́ ohun tí òun fẹ́ sọ. Kò pọn dandan kí n wọn ìyá òun. Tí a bá ti mọ ẹ̀gbẹ́ méjì lára onígun mẹ́ta, tí a sì mọ igun tó wà láàárín wọn, ẹ̀gbẹ́ kẹta ò lè sá pamọ́ fún wa. Òfin kosáìnì ni wọ́n ń pè é. Mo ní kó fi mí lọ́rùn sílẹ̀ jàre, òfin wo ló kù lẹ́yìn ikú?

"Bàámi, ẹsẹ̀ Màámi ni mo fi kọ́ ọ," ó ní. "Itan ni ẹ̀gbẹ́ kan. Orúnkún dé gìgísẹ̀ ni ìkejì. Ìdí dé gìgísẹ̀, lórí ibùsùn, ni ìkẹta."

Ẹ̀gbẹ́ méjì àkọ́kọ́ wà nílé. Nígbà tí mo fẹ́ ìyá rẹ̀, àga ni mo kọ́kọ́ kàn fún un, mo sì wọ̀n ọ́n mọ́ ọn lára bí aṣọ. Ìjókòó rẹ̀ gùn ní sẹ̀ntímítà méjìdínláàádọ́ta bí itan rẹ̀, ẹsẹ̀ àga ga ní méjìlélógójì kí gìgísẹ̀ rẹ̀ lè kan ilẹ̀ dáadáa. Orí àga yẹn ló máa ń jókòó sí láti bá mi wí.

Mo mọ igun náà pẹ̀lú, mo tiẹ̀ máa ń fi yangàn. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ ká, mo gbẹ́ igi kan bí òrùlé kékeré, mo fi fóòmù bò ó, à ń tì í sábẹ́ orúnkún rẹ̀ kó lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn. "Òrùlé mi" ló ń pè é. Ṣóńṣó òrùlé àkọ́kọ́ yẹn ṣe rẹ́gí bí igun tábìlì. Nọ́ọ̀sì wá ní bí ẹsẹ̀ bá ṣe ń là, ká máa lo èyí tó rẹlẹ̀ sí i. Mo gbẹ́ èkejì, mo gbẹ́ ẹ̀kẹta, ẹsẹ̀ rẹ̀ gba gbogbo wọn. Tí mo bá délé nírọ̀lẹ́, tí mo bá a lórí èyí tó rẹlẹ̀ jù, màá jó yí ibùsùn ká, òun náà á máa fi mí rẹ́rìn-ín. Èyí tó kẹ́yìn là tó ọgọ́fà dígírì. Mo sọ fún gbogbo àdúgbò pé ẹsẹ̀ ìyàwó mi ti ń nà.

Òrùlé tó kẹ́yìn yẹn ni mo gbé síwájú Tíṣà. Ó ní ká fi nọ́ńbà itan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ká ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀, ká pa méjèèjì pọ̀. Tí orúnkún bá ká bí igun tábìlì, ó parí síbẹ̀. Tó bá ká jù bẹ́ẹ̀ lọ, gìgísẹ̀ á sún mọ́ ìdí, a ó yọ díẹ̀ kúrò. Tó bá là jù bẹ́ẹ̀ lọ, gìgísẹ̀ á jìnnà, a ó fi díẹ̀ kún un. Kosáìnì ló máa sọ iye tí a ó yọ tàbí tí a ó fi kún. Lẹ́yìn náà ni a ó wá nọ́ńbà tó jẹ́ pé tí a bá fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, á fún wa ní àpapọ̀ yẹn. Mo rò ó wò. Itan ò gùn sí i, ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ò gùn sí i, igun nìkan ló ń pinnu bí àwọn tó wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì ṣe máa jìnnà síra. Ó yé mi. Èmi fúnra mi ni mo ṣírò rẹ̀ dé òpin: sẹ̀ntímítà méjìdínlọ́gọ́rin. Mo na ọwọ́ sí ayùn.

Tíṣà gbé ọwọ́ lé ayùn náà. Ó ní kí n má tíì gé nǹkan kan. Mo bi í pé ṣé ìṣirò mi ò dáa ni, ó kàn jáde. Nígbà tó padà dé láti ilé, ó gbé nǹkan kan dání tí wọ́n fi aṣọ ìbora ìyá rẹ̀ wé. Òrùlé àkọ́kọ́ ni, èyí tí mo rò pé a ti fi dáná tipẹ́. Fóòmù rẹ̀ ti tẹ̀ pẹlẹbẹ, ó ti já níbi tí orúnkún méjèèjì máa ń wà.

"Èyí ni wọ́n ń lò," ó ní. "Ẹsẹ̀ Màámi ò là rí, Bàámi. Tí wọ́n bá ti gbúròó yín lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní kí n yára yọ ọ́, kí n fipá ti tuntun yẹn bọ ibẹ̀. Tí ẹ bá ti sùn, màá pààrọ̀ ẹ̀. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ sọ, pé inú yín ti dùn jù."

Mo bi í pé ṣé tuntun yẹn máa ń dùn ún.

"Wọ́n máa ń di ọwọ́ mi mú lábẹ́ aṣọ," ó ní.

A tún un ṣírò. Kosáìnì igun tábìlì, òfo ni. Kò sí ohun tí a ó yọ, kò sí ohun tí a ó fi kún. Gbogbo òrùlé tí mo fi ìdùnnú gbẹ́, òfo ni. Ó wá jẹ́ sẹ̀ntímítà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, ó dín díẹ̀. Ká ní mo ti gé e bí mo ṣe fẹ́ gé e ni, ìdérí ìbá bà á lórúnkún, èmi ni ǹ bá sì fi ọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀.

Mo kan pósí náà. Ó kúrú, ó sì ga. Àwọn èèyàn ń wò ó, mo ní kí wọ́n gbé ojú wọn síbòmíràn. A tẹ́ ẹ sínú rẹ̀, òrùlé àkọ́kọ́ wà lábẹ́ orúnkún rẹ̀, gìgísẹ̀ rẹ̀ kan pákó ìsàlẹ̀ gẹ́ẹ́ bó ṣe máa ń kan ilẹ̀ lórí àga. Ẹnikẹ́ni ò fipá na ẹsẹ̀ rẹ̀. Tíṣà ní mo ti ṣe ohun tí mo búra.

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ní gbogbo oṣù tó kẹ́yìn yẹn, mo máa ń tètè ti ṣọ́ọ̀bù, kódà tí iṣẹ́ bá wà nílẹ̀. Mo máa ń sáré wálé kí n lè pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, títí màá fi sùn.