Àmì Ohùn Tí Mo Ṣì Gbẹ́

Bàbá mi ti là á mọ́lẹ̀: bí iṣẹ́ ọnà tí mo torí rẹ̀ fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ kò bá wọ òun lójú, kí n padà sí Ìgèdè lọ máa kọ́ àwọn ọmọ. Ọ̀gá olùkọ́ ibẹ̀ ṣì ń retí mi. Ọjọ́ Jímọ̀ ni Bàbá wá wò ó; ọjọ́ kejì ni ará ìlú yóò wá.

Obìnrin gàgàrà kan ni mo fi wáyà àti ọ̀rá píọ̀-wọ́tà ṣe, ó ru ẹrù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà: páálí tẹlifíṣọ̀n, páálí fáànù, páálí bàtà, gbogbo ohun tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù àdúgbò Adébáyọ̀ ń dà nù. Ara páálí kọ̀ọ̀kan ni mo fi pákó tí mo gbẹ́ tẹ ọ̀rọ̀ méjì sí: Ó TÓ. Mo fẹ́ kí àwa tí rírà kì í sú gbọ́.

Ẹni tó ń gbẹ́ pákó ìtẹ̀wé mọ̀ pé òdì là ń gbẹ́ ọ̀rọ̀, kó tó lè bọ́ sípò lójú ìwé. Ṣùgbọ́n O àti T, bákan náà ni wọ́n rí lápá méjèèjì. Èmi ọ̀lẹ, mo ní Ọlọ́run ṣeun. Àmì ohùn méjì péré ló kù tí mo máa yí, nítorí àmì òkè tí a kò bá yí, àmì ìsàlẹ̀ ló máa tẹ̀. Mo yí ọ̀kan, mo gbàgbé èkejì.

Ogójì páálí ni mo tẹ̀, tí mo tò jọ, n ò rí i. Bàbá mi, Olóyè Bámgbóyè, tó fi ọdún márùndínlógójì kọ́ni ní èdè Yorùbá, kò tíì ṣí fìlà tó fi rí i.

"Monínúọlá, ka èyí fún mi."

Mo kà á. Ò TÓ. Kò tó! Odindi ogójì! Ojú tì mí débi pé mo ki ọ̀bẹ mọ́lẹ̀ kí n lè ha gbogbo rẹ̀ kúrò.

"Bàbá, ẹ má bínú. Mo ṣì í gbẹ́ ni. 'Ó tó' ni mo fẹ́ kọ."

"Gbé ọ̀bẹ yẹn sílẹ̀." Ó rìn yí ère náà ká lẹ́ẹ̀mejì. "Tó bá ti tó o, kí ló dé tí kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀?"

Mo gbójú sókè wo ẹrù náà. Ni bàbá mi bá bú sẹ́rìn-ín. "Èmi àti ìyá rẹ gan-an nìyí. Èèyàn méjì nínú ilé, tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta!" Bí inú rẹ̀ bá dùn tán ni Èkìtì máa ń já lẹ́nu rẹ̀. "Uṣẹ́ gidi rè é, ọmọ mi. Kí wọ́n wá olùkọ́ mìíràn lọ sí Ìgèdè."

Láti kékeré mi, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo rèé tí bàbá mi rí àmì tí mo ṣì, tí kò fi bírò pupa fà á. Mo bú sẹ́kún níwájú rẹ̀, n ò tijú.