Ibùdó Kìíní Inú Dígí

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, àwọn ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Onígbàjámọ̀ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Fáríkodoro mọ òwe yìí dáadáa, ó tiẹ̀ máa ń fi bá àwọn oníbàárà rẹ̀ wí tí wọ́n bá ń sọ ìsọkúsọ lórí àga. Àmọ́ ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Lọ́jọ́ tí òun àti Aránṣọ, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tirẹ̀, jọ ń tàkúrọ̀sọ lẹ́nu ọ̀nà, ó là á mọ́lẹ̀ fún un pé nínú gbogbo ìdíje bésíbọ́ọ̀lù àgbáyé tó ti ń wáyé láti ìgbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́ abẹ yìí, bọ́ọ̀lù kan ò bọ́ mọ́ òun lójú rí. Aránṣọ rẹ́rìn-ín, ó gbé ọ̀rọ̀ náà délé, ó gbé e ka iwájú bàbá rẹ̀.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Bàbá yìí, rẹfirí bésíbọ́ọ̀lù ni kó tó fẹ̀yìn tì. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ayé rẹ̀ ló fi dúró nínú eruku pápá, tó ń dájọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ àti àwọn ọmọ ilé-ìwé, kò sì sí ohun tó kórìíra bí ẹni tó ń purọ́ eré. Ó gbà pé ẹni tó bá lè ní òun rí bọ́ọ̀lù tí kò rí, á lè wọlé lọ́gànjọ́ òru kó ní ibi iṣẹ́ lòun ti ń bọ̀. Nítorí náà, nígbà tí Fáríkodoro rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lọ tọrọ Aránṣọ, Bàbá Rẹfirí ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní àṣekágbá ìdíje àgbáyé ti ọdún yìí, ìlú àwọn ni wọ́n ti máa gbá a lọ́sàn-án Sátidé. Kí onígbàjámọ̀ wá jókòó ti òun, kó máa sọ ohun tó bá rí fún òun. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ bá bá eré mu, kó máa gbé ìyàwó rẹ̀ lọ. Bí kò bá bá a mu, kó padà sídìí abẹ.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jíṣẹ́ yìí fún Fáríkodoro, ẹ̀rín pa á débi pé ó di àga mú. Ó ní wọ́n ní àwọn fẹ́ fi omi jẹ ẹja níyà.

Kò sì purọ́ o. Ẹ jẹ́ ká wo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ná. Yàrá kan ni, àga kan, dígí ńlá kan sì gba ògiri iwájú àga náà tán. Tẹlifíṣọ̀n wà lókè ẹnu ọ̀nà, lẹ́yìn onígbàjámọ̀, torí ògiri ibẹ̀ nìkan ló gba ìṣó. Ọjọ́ tí bésíbọ́ọ̀lù bá wà ni èrò máa ń kún ibẹ̀ dẹ́nu. Ẹnì kan ò tíì dìde tán tí òmíràn á ti jókòó. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ sì ti fa etí rẹ̀ dáadáa pé onígbàjámọ̀ kì í yíjú kúrò lórí tó wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Kí wá ni ṣíṣe? Inú dígí ló ti ń wò ó. Kò ní tẹlifíṣọ̀n nílé, kò sì tẹ pápá rí. Gbogbo bésíbọ́ọ̀lù tó mọ̀ láyé, láti inú dígí ló ti mọ̀ ọ́n.

Eré náà kò le. Ẹnì kan ń ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kan di igi mú ń dúró dè é. Bí onígi bá gbá a, á sáré lọ sí ibùdó kìíní lápá ọ̀tún, á gba ibùdó kejì, á gba ẹ̀kẹta lápá òsì, á sì padà wálé. Ẹni tó bá padà wálé ti gba àmì kan fún ikọ̀ rẹ̀, bọ́ọ̀lù tó bá sì fò kọjá odi pápá, kò sẹ́ni tó lè dá onígi dúró mọ́. Ṣùgbọ́n nínú dígí, òsì ni ibùdó kìíní wà. Fáríkodoro mọ̀ pé dígí máa ń yí nǹkan padà, ta ni ò mọ̀? Ojú rẹ̀ ni kò mọ̀. Ojú ti kọ́ ọ̀nà tirẹ̀, ó sì ti gbàgbé pé ọ̀nà mìíràn wà.

Sátidé pé. Wọ́n jókòó sẹ́yìn ibi tí onígi ń dúró sí, Bàbá Rẹfirí láàárín, Aránṣọ lápá kan, Fáríkodoro lápá kejì pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tó ti lọ̀ títí tó ń dán. Èrò ń hó bí omi orí iná. Bàbá fa fìlà rẹ̀ sókè, ó ní, “Ọ̀gbẹ́ni, máa sọ ohun tó o bá rí.”

Onígi ikọ̀ wa gbá bọ́ọ̀lù, gbàù. Ojú Fáríkodoro sáré lọ sí òsì. Kò rí ẹnì kankan. Ó ń wá ọkùnrin náà kiri bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ já, àfìgbà tó yíjú sí ọ̀tún tó rí i lórí ibùdó, tó ń gbọn eruku nù. Ni onígbàjámọ̀ bá fò dìde. Ó ní ẹ wò ó, ó ti dé ibùdó kẹta, kó wọlé ló kù. Gbogbo àwọn tó wà lórí ìjókòó iwájú yí padà, wọ́n ń wò ó bí ẹni tó wọ bàtà sórí. Bàbá fa fìlà rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀.

Kò pẹ́, ọkùnrin kan náà dé ibùdó kẹta lóòótọ́, ó sì sáré wálé. Pápá mì tìtì. Fáríkodoro nìkan ló káwọ́ lérí. Ó ń bi wọ́n pé kí ló dé tí eléyìí fi ń sá padà láti ibùdó kìíní, àbí ó gbàgbé nǹkan sílé ni? Ẹni tó ń ta omi tútù gbé ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ kó lè ráyè rẹ́rìn-ín.

“Ọ̀gbẹ́ni,” Bàbá ní, ohùn rẹ̀ rọra ń bọ̀, “ṣé eré yìí náà lo ti ń wò láti ọjọ́ yìí?”

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ìgbà yẹn ni ohun tó ń ṣe é ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e, òógùn sì bo ṣẹ́ẹ̀tì dídán. Ta ló fẹ́ sọ fún bàbá ìyàwó pé ẹ̀yìn ni òun ti ń wo iwájú? Ó wá ń dorí kodò, ó ń yí ọrùn síbí sọ́hùn-ún bí alángbá, bóyá pápá á jẹ́ yí padà fún un. Aránṣọ wò ó, ó wò ó, ó rántí ṣọ́ọ̀bù náà, ó rántí ibi tí tẹlifíṣọ̀n wà. Ẹ̀rín gbé e, ó fi orí kan orúnkún. Nígbà tó rí èémí mí, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún bàbá rẹ̀.

Bàbá Rẹfirí ní nínú iṣẹ́ tí òun ṣe, wọ́n ti sọ fún òun rí pé oòrùn ló wọ àwọn lójú, wọ́n ti sọ pé yanrìn ló wà nínú bàtà àwọn, àmọ́ ẹjọ́ dígí yìí, tuntun ni. Aránṣọ tú báàgì rẹ̀, ó yọ ike pọ́dà tó ní dígí pẹlẹbẹ nínú, ó nà án sí àfẹ́sọ́nà rẹ̀.

“Kọ ẹ̀yìn sí wọn, Fárí,” ó ní. “Kó o máa fá a lọ.”

Níwájú gbogbo ayé, Fáríkodoro kúnlẹ̀ lórí ìjókòó, ó kọ ẹ̀yìn sí pápá, ó gbé dígí sókè. Ìyá kan tó jókòó lẹ́yìn wọn bi í bóyá òun ló wá wò. Ó ní kí wọ́n má bínú, ìyàwó lòun ń wá. Ìyá náà ní òun ti lọ́kọ.

Ṣé ẹ mọ ìgbà tí omi bá ya ojú ọ̀nà rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣe ya lẹ́nu ọkùnrin yìí. Ó ń sọ ẹni tó jù ú, ibi tó gbá a sí, ẹni tó hán an, ẹni tó ń jí ẹsẹ̀ gbé sí ibùdó kejì. Ẹ̀rọ tó ń kéde ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tó ń tiro. Bàbá Rẹfirí di ojú rẹ̀ méjèèjì, ó ní òun fẹ́ fi etí nìkan wò ó. Àwọn tó ń fi í ṣẹ̀sín lẹ́ẹ̀kan wá ń fara mọ́ ìdí rẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́.

Ó kù díẹ̀ kí eré parí, ikọ̀ méjèèjì dọ́gba. Tiwa wà lórí ibùdó kẹta, onígi sì gbá bọ́ọ̀lù lọ sókè réré. Òfin ni pé bí wọ́n bá máa hán irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ lófuurufú, ẹni tó wà lórí ibùdó ò gbọdọ̀ gbẹ́sẹ̀ títí á fi bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú ikọ̀ àlejò hán an, tiwa sáré wálé, pápá gbiná. Àwọn èèyàn ń dì mọ́ ẹni tí wọn ò mọ̀ rí. Fáríkodoro sún dígí mọ́ ojú.

“Kí ló ṣẹlẹ̀?” Bàbá bi í. Ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì, ẹ̀rín ti kún ẹnu rẹ̀.

Dígí ọwọ́ rẹ̀ kéré. Kò lè gba bọ́ọ̀lù àti ibùdó pọ̀, ẹsẹ̀ ọkùnrin orí ibùdó ló sì gbájú mọ́. Ó rí ohun tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tó ń wòkè ò rí. Ó wo ẹ̀rín ẹnu Bàbá. Ó wo Aránṣọ tó ń jó.

“Bàbá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kúrò lórí ibùdó kí wọ́n tó hán an. Àmì yẹn ò lè dúró.”

Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fi èébú bò ó mọ́lẹ̀. Ẹnì kan ní ọ̀dọ̀ àwọn àlejò ló ti wá. Ìyá ẹ̀yìn ní ẹni tó bá ń fi ẹ̀yìn wá ìyàwó, irú ohun tó máa rí nìyẹn. Àmọ́ àwọn àlejò ju bọ́ọ̀lù sí ibùdó kẹta, wọ́n ké sí rẹfirí, àwọn rẹfirí forí korí, ọ̀gá wọn sì nawọ́ sókè: ẹsẹ̀ ti yá jù, kò sí àmì. Àwọn tó dì mọ́ra jọ̀wọ́ ara wọn. Bàbá Rẹfirí ṣí ojú. Ó wo onígbàjámọ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó tún ojú dì.

“Máa sọ ọ́ lọ,” ó ní. Kò pè é ní ọ̀gbẹ́ni mọ́.

Ó wá kan ikọ̀ wa láti gbá fún ìgbà ìkẹyìn. Onígi wa fi gbogbo ara fì, igi dún. Fáríkodoro ń tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù, ó ń lọ, ó ń lọ, ó yọ kúrò létí dígí. Ó ní, “Bàbá, ó ti bọ́ mọ́ mi lójú.” Ni ó bá gbójú sókè kúrò nínú dígí, ó rí ohun tí ẹnikẹ́ni tó kọjú sí pápá ò lè rí: ojú gbogbo èrò ẹ̀yìn, àgbà àti èwe, ń gòkè pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnu ń là díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ Ìyá ẹ̀yìn ti wà láyà. Kò nílò ẹni tó máa sọ fún un.

“Ó ti kọjá odi,” ó ní. “Bàbá, a ti gbà á.”

Ariwo tó tẹ̀ lé e, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Fìlà ń fò bí ẹyẹ. Ẹni tó ń ta omi ń bu omi fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́, ó ń da ìyókù sórí ara rẹ̀. Ìyá tó ti lọ́kọ dì mọ́ Fáríkodoro lọ́rùn, ó ń pè é ní ọkọ òun.

Bàbá Rẹfirí kò jó. Ó gba dígí lọ́wọ́ onígbàjámọ̀, ó rọra kúnlẹ̀ lórí ìjókòó bí Fáríkodoro ṣe kúnlẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí pápá tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọjú sí. Onígi ṣì ń sá yí ká pẹ̀lú ọwọ́ lókè. Bàbá yí dígí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní ọkùnrin yìí ń sá padà sẹ́yìn. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í mì í láti ikùn. Aránṣọ fọwọ́ kàn án léjìká, ó ní Bàbá, ọ̀rọ̀ tó gbé wa wá ńkọ́?

“Ìwọ ọmọ yìí, ní sùúrù ná,” Bàbá ní. Omi ẹ̀rín ti dí i lójú. “Jẹ́ kí àna mi kọ́kọ́ fi ibùdó kìíní hàn mí.”