Ìlọrin Tí A Fẹ́ Lọ Ṣọdún

"Wàrà tí o ń sọ yìí," Abena bèèrè, "ṣé èèyàn lè fi jẹ kẹ́ńkẹ́?"

Wòsílátù gbé àǹkárá tó ń ká lọ́wọ́ sórí itan, ó bú sẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ààwẹ̀ ti gbẹ ẹ́ lọ́fun láti àárọ̀.

"Kò sí ohun tí ẹ̀yin ará ibí kò ní fi jẹ kẹ́ńkẹ́. Wọ́n ń dín in ni, wọ́n á tà á fún ọ gbóná-gbóná lẹ́bàá títì. Tí a bá jẹ ẹ́ yó, a ó lọ jókòó ti àwọn onídadakúàdà. Wọ́n á kì mí, wọ́n á kì ìwọ náà."

"Kí ni wọ́n máa fi kì mí? Wọn ò mọ bàbá mi."

"Wọ́n á bi ọ́ léèrè orúkọ ẹ̀. Kí o tó pa ẹnu dé, ó ti dorin."

Ẹni tó bá gbọ́rọ̀ lẹ́nu Wòsílátù á rò pé àná ló ti Ìlọrin dé. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti ọdún mẹ́rìndínlógójì tí wọ́n ti bí i sí Sabon Zongo nílùú Accra, kò kọjá Lomé rí. Gbogbo wàrà tó fi ń wú Abena lórí, ẹnu bàbá rẹ̀, Sàláwù, ló ti jẹ ẹ́. Òun àti bàbá yìí nìkan ló jọ ń gbé, nítorí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sì sí ọmọ láàárín wọn. Ní ti Abena, ṣọ́ọ̀bù ọṣẹ tirẹ̀ ló fara ti ṣọ́ọ̀bù aṣọ Wòsílátù ládùúgbò Adabraka. Láti ìgbà Àjíǹde ni wọ́n ti ń pète ìrìn àjò náà: àwọn méjèèjì á lọ ṣọdún Ìtúnù Ààwẹ̀ ní Ìlọrin, bàbá á ṣíwájú wọn, wọ́n á lo ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á padà. Abena tilẹ̀ ti kọ́ ọ̀rọ̀ tí bàbá máa ń sọ, pé Ìlọrin ò léégún, ẹṣin leégún ilé wọn. Ó kàn jẹ́ pé ahọ́n rẹ̀ máa ń gé eégún náà sí méjì ni. Ẹṣin ọ̀hún gan-an ló wù ú rí.

Rádíò télọ̀ tó wà ní òdìkejì títì ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Òyìnbó ni wọ́n fi ń sọ ọ́, télọ̀ sì yí ohùn rẹ̀ sókè. Gbogbo àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ fi ilẹ̀ Ghana sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n tún un sọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi orin ijó sí i, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

"Àwọn wo ni wọ́n ń bá wí?" Abena bèèrè.

"Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni," Wòsílátù fèsì. "Èmi bá wọn dé ni?"

Kí ó tó ká aṣọ mìíràn, télọ̀ ti sọdá wá. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí ọkùnrin yìí ti ń bá a ránṣọ. Kò kí wọn. Ó wo àjà ṣọ́ọ̀bù, ó wo ògiri, ó fi ìka kan ilẹ̀kùn kó lè mọ̀ bóyá pákó rẹ̀ ṣì le.

"Ìyá Alata," ó ní, bí wọ́n ṣe máa ń pe ọmọ Yorùbá ní Accra, "tí ẹ bá ń lọ, ẹ má fi ṣọ́ọ̀bù yìí lé ẹlòmíì lọ́wọ́ kí ẹ tó rí mi."

Ohùn jẹ́jẹ́ tó fi sọ ọ́ ló dẹ́rù ba Wòsílátù.

Kí ó tó di ọjọ́ kẹrin, okùn ti wọ́n ní Sabon Zongo. Àwọn tí wọn kì í kí ara wọn tẹ́lẹ̀ wá ń bá ara wọn di ẹrù. Ẹnì kan fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà méjì tó dábùú ara wọn sára ilẹ̀kùn Wòsílátù. Ó fi omi nù ún, ó tún bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Abena ló fà á lọ sọ́dọ̀ Àlàmú, akọ̀wé tó ń bá àwọn èèyàn kọ lẹ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ọmọ Ọ̀fà ni Àlàmú. Ó ti kó ẹrù tirẹ̀ sínú àpótí, àmọ́ kò tíì gbé tábìlì kúrò níta.

"Níbo ni wọ́n bí ìyá yín sí?" ó bèèrè.

"Sabon Zongo níbí. Ibí náà la sin wọ́n sí."

"Ó parí. Ẹ kì í ṣe àlejò. Ẹni tí wọ́n bí síbí, tí wọ́n sì bí ìyá rẹ̀ síbí, ọmọ ilẹ̀ yìí ni lójú òfin. Àbí ẹ ti sọ nǹkan míì fún wọn?"

Wòsílátù ti sọ nǹkan míì. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ìyẹn ọdún 1969, àwọn kan wá ń kọ orúkọ àwọn oníṣọ́ọ̀bù ní Adabraka, akọ̀wé wọn sì bi í ní Twi pé, "Wo fi he?" Ibi tó ti wá ni wọ́n ń bèèrè. Ṣùgbọ́n etí Yorùbá ni Wòsílátù fi gbọ́ ọ: níbo nilé ẹ? Yorùbá tí wọ́n bá sì kọ́ dáadáa kì í pe ibi tó ń gbé nílé. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, ó sọ fún àlejò kan pé Accra nilé òun, ni bàbá rẹ̀ bá fi pàṣán nà án. "Accra là ń gbé. Ìlọrin nilé. Àjò kì í dùn kí onílé má relé." Ìdí nìyẹn tó fi gbójú sókè lọ́jọ́ náà tó ní, "Ìlọrin," tó tún fi kún un pé òun ń múra àtirelé lóṣù Ààwẹ̀. Akọ̀wé kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹnu òfòrò níí pa òfòrò.

"Ẹ lè tún un ṣe," Àlàmú ní, nígbà tó gbọ́ tán. "Ẹ lọ bá wọn ní ọ́fíìsì, kí ọ̀rẹ́ yín yìí jẹ́rìí sí i. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa bi yín. Ẹ ṣáà má dáhùn bí ọmọ Yorùbá."

"Bàbá mi ńkọ́?"

Àlàmú ń to àwọn bírò rẹ̀ jọ. "Ọ̀hún ni wọ́n bí bàbá sí," ó ní. "Bàbá á lọ."

Nígbà ìṣínu, Wòsílátù gbé ògì àti àkàrà síwájú bàbá rẹ̀.

"Bàbá, tí èèyàn bá sọ̀ nínú ọkọ̀ ní Ìlọrin, ọ̀nà wo ló máa gbà dé agbo ilé wa?"

"Yóò bèèrè ọjà."

"Tó bá dé ọjà ńkọ́?"

"Ògì yìí ti tutù," bàbá ní, ó sì tì í sẹ́yìn.

Ó ti bi í bẹ́ẹ̀ rí nígbà méjì, nígbà tí wọ́n ń pète ọdún, ìdáhùn ò sì kọjá ọjà. Nígbà yẹn, ó rò pé àgbàlagbà ń fi nǹkan pa mọ́ fún wọn kó lè yà wọ́n lẹ́nu ni. Lọ́tẹ̀ yìí, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́.

Ìlà àwọn èèyàn ti yí ọ́fíìsì náà po nígbà tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bàbá bá Wòsílátù àti Abena wá nítorí òun náà fẹ́ gba ìwé ìrìnnà tirẹ̀. Aṣọ tí wọ́n rán fún ọdún ló wọ̀ wá, bóyá kí àwọn aláṣẹ lè fojú èèyàn wò ó. Ọlọ́pàá kan ń lọ ó ń bọ̀ pẹ̀lú kóńdó. Kò na ẹnikẹ́ni, àmọ́ bó bá ti ń kọjá ni gbogbo ìlà ń fà mọ́ ògiri. Obìnrin kan jáde pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ó ń fi èdè Gà bi ẹni tó bá pàdé bóyá Ògbómọ̀ṣọ́ jìnnà sí òkun.

"Àkànkẹ́," bàbá pè é. Oríkì rẹ̀ nìyẹn, bàbá kì í sì í fi pè é láìnídìí. "Tí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé Accra nilé ẹ."

"Ẹ̀yin lẹ nà mí nítorí ẹ̀."

"Mo mọ̀. Mo tún lè nà ọ́ lónìí tí o bá sọ òmíràn." Ó gbìyànjú àtirẹ́rìn-ín, kò rí i rẹ́. "Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí àbúrò bàbá mi mú mi kúrò níbẹ̀. Igi osè kan wà lẹ́yìnkùlé wa. Mo rántí osè yẹn, mo sì rántí ẹṣin funfun kan. Ìyókù, wàrà o, dadakúàdà o, ẹnu àwọn àgbà Zongo ni mo ti gbọ́ ọ. N ò mọ agbo ilé wa mọ́, ọmọ mi."

Omi lé sí Wòsílátù lójú, inú sì bí i pẹ̀lú. Láti kékeré ló ti ń fi ilé yìí yangàn kiri, ẹni tó fi í lé e lẹ́nu ò sì mọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó wo ọrùn bàbá, bó ṣe rí tín-ín-rín nínú aṣọ ọdún. Ó rò ó bí yóò ṣe máa dá dúró láàárín ọjà Ìlọrin, tí yóò máa bi àwọn ọmọdé léèrè igi osè kan tó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gé láti ọjọ́ pípẹ́.

Akọ̀wé tó wà nídìí tábìlì ò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ìwé oṣù kẹsàn-án wà níwájú rẹ̀.

"Wọ́n ní o fẹ́ tún ọ̀rọ̀ rẹ sọ," ó ní. "Wo fi he?"

Abena fi ìgúnpá gún un. Bàbá di ọ̀pá rẹ̀ mú. Wòsílátù rántí sàréè ìyá rẹ̀, ó rántí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti àárọ̀ Adabraka nígbà tí Abena bá ń gbálẹ̀ tó ń kọrin. Ọ̀rọ̀ kan péré ló máa fi gba gbogbo rẹ̀ padà, ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n rẹ̀, òótọ́ sì ni.

"Ìlọrin," ó ní.

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú. Èmi àti bàbá mi la jọ ń lọ."

Bàbá na ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ gbá a létí. Ọwọ́ náà balẹ̀ sí èjìká rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Akọ̀wé lu òǹtẹ̀ sórí ìwé méjèèjì.

Abena bá a lọ sí Adabraka. Télọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ó ń wò wọ́n. Wòsílátù ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù pa lójú rẹ̀, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sí Abena lọ́wọ́.

"Kí ni kí n sọ fún àwọn oníbàárà rẹ?" Abena bèèrè.

"Sọ fún wọn pé mo lọ ṣọdún."

"Ìgbà wo ni kí n ní o máa dé?"

"Ọ̀sẹ̀ méjì," Wòsílátù ní, "bí a ṣe jọ fi í sí."

 Abena so kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ etí ìró rẹ̀, ó sì ta á ní kókó lẹ́ẹ̀mejì.