Orúkọ Ìsàlẹ̀ Búrẹ́dì

Ìyá Oníbúrẹ́dì ló kọ́kọ́ pe ọmọ àbúrò rẹ̀ ní Ẹtu. Màmá ọmọ náà ti kú, ọ̀dọ̀ Ìyá ló ń gbé. Bí wọ́n bá ní kó gbé búrẹ́dì lọ fún oníbàárà ní ìpẹ̀kun òpópónà, kí Ìyá tó ti ilẹ̀kùn ààrò, ó ti dé. Ó ti wá di ọ̀dọ́bìnrin báyìí, kò sì sẹ́ni tí kò mọ Ẹtu nídìí eré sísá.

Inú Ìyá dùn débi pé ó ní kí alájórin jó wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ àwọn páànù rẹ̀, kí ẸTU lè máa hàn lábẹ́ búrẹ́dì. Alájórin jó o bí ìgbà tí èèyàn ń kọ ọ́ sínú ìwé. Búrẹ́dì jáde, orúkọ kọ ẹ̀yìn síwájú.

"Ṣé Ẹtu ti ń sáré padà sílé ni?" ni àwọn oníbàárà ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Wọ́n tú u, wọ́n jó o ní òdì, ó wá gún régé. Láti ìgbà náà, Ìyá a máa dojú búrẹ́dì dé, a sì fi ìka tọ ipa lẹ́tà náà. Ohun tó yọrí nínú páànù ló ń jinnú lára búrẹ́dì. Ó máa ń dùn mọ́ ọn.

Ó ku ọ̀la kí wọ́n sá eré àṣekágbá, ni akọ̀wé Ẹgbẹ́ Eré Sísá bá wọlé. Ó ra búrẹ́dì kan, ó yí ìdí rẹ̀ sókè.

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ ní láti yọ orúkọ yìí kúrò."

"Orúkọ ta ni?"

"Ẹtu. Ẹgbẹ́ ló ni ín. Ẹni tó ń sáré lábẹ́ wa kò gbọdọ̀ fi eré jẹun, òun tàbí ẹbí rẹ̀. Ọmọ yín ti fọwọ́ sí i. Tó bá ṣì wà níbẹ̀ lọ́la, kò ní bá wọn sáré."

Ìyá nawọ́ sí pátákó ńlá tó wà ní òdìkejì títì. Ọmọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ó ga ju ilé lọ, ó gbá agolo ẹlẹ́rìndòdò mú. ẸTU ni wọ́n kọ sára agolo náà.

"Ìyẹn ńkọ́? Ta ló ń fi ìyẹn jẹun?"

"Ẹgbẹ́ wa kì í jèrè, mà. Ìdàgbàsókè eré la fi ń ṣe."

Ìyá wo ọkọ̀ tuntun tí akọ̀wé gbé gúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. "Mo rí i. Ó ti dàgbà lóòótọ́."

Nígbà tí ọmọ náà ti ibi ìdánrawò dé, ó bá Ìyá lórí àpótí láàárín àwọn páànù, òòlù lọ́wọ́.

"Màámi, kí lẹ̀ ń ṣe yìí?"

Ìyá sọ fún un.

"Ẹ fi í sílẹ̀. N ò sáré mọ́."

"Panu mọ́! Gbogbo òwúrọ̀ tí o ti ń jí sáré, ṣé torí búrẹ́dì ló máa fi ṣòfò? Wá di páànù mú fún mi. Ẹ̀gbẹ́ la ti ń gbá a. Téèyàn bá gbá a látòkè, ìdí á lu."

Wọ́n jọ gbá gbogbo rẹ̀ kúrò, wọ́n fi yanrìn họ ojú rẹ̀ kí búrẹ́dì má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni ọmọ náà rọra sọ̀rọ̀.

"Ẹ jẹ́ ká jó orúkọ tí màmá tó bí mi fi ń pè mí síbẹ̀. Wọn ò mọ ìyẹn."

Ìyá gbé páànù sílẹ̀.

"Rárá o. Tó bá dé ìdí búrẹ́dì lónìí, ọ̀la ni wọ́n á gbé e sára agolo."

Lọ́jọ́ kejì, oníbàárà kan yí búrẹ́dì síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Ìyá, orúkọ dà?"

"Ó ti sáré lọ," ni Ìyá dáhùn, ó sì ti ìsọ̀ pa.

Ọmọ náà ló gbégbá orókè. Gbogbo pápá ń pariwo, "Ẹtu! Ẹtu!" Ìyá, tó wà ní ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, la ẹnu láti bá wọn pè é, ó tún pa á dé. Ló bá ká ọwọ́ mọ́ ẹnu, ó pe orúkọ kejì, èyí tí màmá ọmọ náà fi ń pè é, ẹ̀ẹ̀kan péré.

Ariwo gbé e mì. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ti agolo bọ ọmọ náà lọ́wọ́ fún àwọn oníyàwòrán, ó gbé orí sókè lójijì, ó ń wá ojú kan kiri láàárín èrò, bí ọmọ tí wọ́n pè wá jẹun.